Kenneth Dike, olùkọ́ tó mú ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà wọ yunifásítì

Ní Akofodjoulè níbí, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, ẹnu àgbà la ti ń gbọ́ bí ìran Ọmọ Jagun ṣe dé. Lónìí, ọmọ wa tó wà ní Yunifásítì Parakou tàbí Abomey-Calavi lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí gboyè. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà náà ni Kenneth Onwuka Dike.

Ọmọ Awka nílẹ̀ Ìgbò ni, ọdún 1917 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sẹ̀rà Líónì, ó sì gboyè dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950. Ìtàn òwò àti ìṣèlú àwọn ará Niger Delta ló fi gbà á. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ibi tí kò bá ti sí ìwé, kò sí ìtàn níbẹ̀. Dike ka ìwé tiwọn, àmọ́ ó tún gbọ́ tẹnu àwọn àgbà, ó sì fi méjèèjì wéra.

Ọdún 1950 náà ló dé Ìbàdàn. Kékeré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn: akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń fún wọn ní oyè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nípa ìlú rẹ̀ lè ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ka ìwé ìlú ọ̀hún lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn ìwé ìjọba tó kù nílé ńkọ́? Ọ́fíìsì káàkiri ni wọ́n wà, ikán àti ọ̀rinrin ń bá tiwọn lọ. Dike rin Nàìjíríà yí ká láti wá wọn rí, ó kọ àbọ̀ fún ìjọba, nígbà tó sì di 1954, ilé ìpamọ́ ìwé ṣí ní Ìbàdàn, òun gan-an ni alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tiwa, iṣẹ́ yìí ju oyè èyíkéyìí tó jẹ lọ, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí nǹkan kà kò lè rí nǹkan kọ.

Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onítàn Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1955. Jacob Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1958. Adiele Afigbo gboyè dókítà níbẹ̀ ní 1964, kò tún sí pé ó di dandan kó lọ Lọ́ńdọ̀nù. Dike kò jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí sùn sínú àpótí; òun ló ṣe olóòtú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn Ìbàdàn tí iṣẹ́ wọn ti ń jáde. Ìwé Àjàyí lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde níbẹ̀ ní 1965.

Ní 1960, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Rògbòdìyàn 1966 ló lé e kúrò. Ó ṣiṣẹ́ fún Biafra, ó kọ́ni ní Harvard lẹ́yìn ogun, kó tó padà wálé. Ọdún 1983 ló kú.

Ilé ìkàwé ńlá Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé yẹn náà ṣì wà nínú ọgbà kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ wá ìtàn ìlú wọn.