Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ẹni Tí Orírun Rẹ̀ Kan Kétu

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, a kò bí i sí Kétu. Ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n ní baba ńlá rẹ̀ ti ṣí lọ sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ aṣọ híhun tí ìdílé wọn mọ̀ bí ẹni mowó.

Òṣoògùn ni wọ́n bí Àjàyí sí. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí, ó di Sàró. Níbẹ̀ ló ti kàwé, tó ṣèrìbọmi ní 1825, tó sì fẹ́ Asano, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀.

Ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ní Sàró. Ì bá jókòó síbẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tó joyè àlùfáà ní 1843, ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á gan-an ló padà sí. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tó bá ti wá ènìyàn rẹ̀ tì rí nìkan ló lè mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Oṣù kìíní 1853 ló gba ọ̀nà Kétu wá. Alákétu gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ògiri àti yàrà ìlú, àti Àkàbà Ìdènà tí à ń fi yangàn, ó rí wọn kí ogun Dàhòmẹ̀ tó fọ́ ìlú ní 1886.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo agbolé ló gba ẹ̀sìn tó mú wá. Ọdún tí à ń ṣe yìí jẹ́rìí. Síbẹ̀ iṣẹ́ tó ṣe kò mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gba ọ̀rọ̀ àti òwe lẹ́nu wọn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ náà sì parí ní 1884. Àwọn ọmọ wa tó jẹ́ Faransé nìkan ni wọ́n ń kà nílé ìwé, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tí wọ́n tà lẹ́rú ló ṣe é.

Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sípò náà. Lẹ́bàá Odò Ọya, ó bá àwọn ọba Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í bá wọn jiyàn ẹ̀sìn.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò. Ní 1890, àwọn òyìnbó tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀. Arúgbó ni, ì bá lọ sinmi. Bí àwọn ìjọ etí òkun Niger Delta yóò ṣe máa gbọ́ bùkátà ara wọn ló ń tò lọ́wọ́ tí ikú fi dé bá a ní Èkó, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891.