Walter Gordon Wilson

Walter Gordon Wilson (21 oṣù Kẹrin, ọdún 1874 – ọdún 1957) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Írẹ́láńdì, ṣùgbọ́n tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun méjì ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Èkíní ni pé òun àti William Tritton ni wọ́n jọ ya àwòrán ọkọ̀ ogun onírin tí àwọn ọmọ ogun Bírítéènì kọ́kọ́ gbé lọ sójú ìjà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Èkejì ni àpótí jíà aṣàyàn-ṣáájú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí jíà Wilson. Àpótí jíà yìí wà ní agbedeméjì jíà mánúwà, tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pààrọ̀, àti jíà ọ̀tọ̀mátíìkì, tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n lò ó nínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ilé, wọ́n sì lò ó nínú ọkọ̀ ìdíje tó gba ife-ẹ̀yẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìdí nìyí tí orúkọ Wilson fi ń jẹ yọ nígbàkúùgbà tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ eré ìje bá ń jiyàn lórí irú jíà tó yẹ ọkọ̀ tí a ṣe fún pápá ìdíje.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Wilson ní Blackrock, nítòsí ìlú Dublin. Ní ọdún 1888, ó wọ HMS Britannia, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di ọ̀gá nínú ológun ojú omi, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1890. Ní ọdún 1894, ó wọlé sí King's College ní Yunifásítì Cambridge, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó jáde ní ọdún 1897 pẹ̀lú oyè ipò kìíní.

Cambridge ni ó ti mọ Charles Rolls, ẹni tí òun àti Henry Royce dá ilé-iṣẹ́ Rolls-Royce sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì jẹ́ ohun tuntun nígbà náà. Títí di ọdún 1896, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè láti sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan lójú ọ̀nà ìgbèríko. Rolls wà lára àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tó ní ọkọ̀, Wilson sì máa ń bá a ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà tí wọ́n bá jáde. Láti ìgbà yìí ni ó ti mọ ìyà tí jíà ń fi jẹ awakọ̀.

Pilcher àti ọkọ̀ Wilson-Pilcher

Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, Wilson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú Percy Pilcher, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú tó ń wá ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà fò lójú ọ̀run. Pilcher ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì fò, Wilson sì ń bá a ṣe ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn yóò so mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1899, ọkọ̀ tí Pilcher ń fi han àwọn òǹwòran ní Stanford Hall já lulẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ó kú. Ó kú kí ẹ́ńjìnnì náà tó gbé e sókè, ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ ṣáájú àṣeyọrí àwọn ará Wright ní Amẹ́ríkà.

Wilson fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, ó sì yíjú sí ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ṣe ní nǹkan bí ọdún 1900 ni ó pè ní Wilson-Pilcher, kí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà parẹ́. Àwọn sílíńdà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé jíà ayíraẹniká ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn jíà kéékèèké tó ń yí jíà kan ká bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí oòrùn ká. Ilé-iṣẹ́ Armstrong Whitworth gba ṣíṣe ọkọ̀ yìí ní ọdún 1904. Láti ọdún 1908 sí 1914, Wilson wà ní ilé-iṣẹ́ J & E Hall ní Dartford, níbi tó ti ya àwòrán ọkọ̀ akẹ́rù Hallford.

Ogun Àgbáyé Kìíní

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, Wilson padà sínú iṣẹ́ ológun ojú omi, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka ọkọ̀ oníhámọ́ra. Lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ìbọn arọ̀jò-ọta ti dá àwọn ọmọ ogun dúró sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́. Ìjọba Bírítéènì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá ọkọ̀ tí yóò lè kọjá lórí wáyà àti kòtò wọ̀nyí. Wọ́n rán Wilson lọ sí ìlú Lincoln, sí ilé-iṣẹ́ William Foster, níbi tí Tritton ti jẹ́ ọ̀gá. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tí wọ́n sọ ní Little Willie, kò lè kọjá kòtò tó fẹ̀. Wilson ni ó mú èrò wá pé kí ẹ̀wọ̀n onírin tí ọkọ̀ fi ń rìn yí gbogbo ara rẹ̀ ká, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Láti inú èrò yìí ni wọ́n ti ṣe Mother, tí wọ́n dán wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ogun onírin Mark I kọ́kọ́ jáde lójú ìjà ní Flers-Courcelette, ní agbègbè odò Somme.

Ìdarí Mark I nira púpọ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń gbà: awakọ̀ kan, ọ̀gá tó ń mú bíréèkì, àti ènìyàn méjì lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn kò ju pípààrọ̀ jíà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe. Ọkọ̀ tó bá ní láti dúró kí ó tó lè yà di ohun tí ọ̀tá lè yìnbọn lù pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Wilson lo jíà ayíraẹniká láti tú ìṣòro yìí. Nínú Mark V, tó dé ojú ogun ní ọdún 1918, ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń darí ọkọ̀.

Ìjọba fi oyè CMG dá a lọ́lá ní ọdún 1917. Lẹ́yìn ogun, ìgbìmọ̀ tó ń san ẹ̀san fún àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ fún òun àti Tritton ní £15,000.

Àpótí jíà aṣàyàn-ṣáájú

Nínú jíà mánúwà ayé ìgbà náà, eyín jíà kan ní láti rọ́ wọ inú eyín jíà mìíràn bí méjèèjì ṣe ń yí. Bí ìyára wọn kò bá dọ́gba, wọn yóò máa han gooro. Awakọ̀ ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀méjì fún ìpààrọ̀ kan, kí ó sì fi etí wọn ìyára ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ní ọdún 1928, ọ̀nà méjì yọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí jíà mánúwà rẹ̀ ní ohun tó ń mú ìyára jíà méjì dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wilson àti John Siddeley, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Armstrong Siddeley, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ṣe àpótí jíà tí Wilson gbé kalẹ̀. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà padà jẹ́ ni Self-Changing Gears, ní ìlú Coventry.

Nínú àpótí jíà Wilson, kò sí eyín jíà tó ń jáde tàbí tó ń wọlé; gbogbo wọn ti wà nínú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀já bíréèkì kan ló wà fún jíà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀já tó bá fún mọ́ òrùka jíà tirẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó yí mọ́, jíà yẹn ni yóò máa ṣiṣẹ́. Fún jíà tó ga jù, kílọ́ọ̀ṣì kan ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdarí ni ọ̀pá kékeré kan wà. Awakọ̀ yóò fi ọ̀pá náà yan jíà tó fẹ́ lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ní yí padà. Ìgbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ òsì tó sì tún un sílẹ̀ ni sípíríńgì alágbára yóò mú ọ̀já tuntun náà fún. Wilson tún fi ohun èlò kan sí i tó ń fa ọ̀já náà mọ́ra bí ó bá ṣe ń jẹ, kí mẹkáníìkì má baà máa tú u ní gbogbo ìgbà.

Ní ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ Daimler so ó pọ̀ mọ́ àgbá olómi, nínú èyí tí òróró ti ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì dé ara jíà. Ìsopọ̀ yìí mú kí ọkọ̀ máa gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn bọ́ọ̀sì ìlú Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú gba jíà Wilson, torí pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì a máa pààrọ̀ jíà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́.

Lórí pápá ìdíje

Àwọn tó ń sá eré ìje tètè rí àǹfààní inú àpótí jíà yìí. Awakọ̀ lè yan jíà rẹ̀ kí ó tó dé kọ́nà, kí ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di àgbá ìdarí mú nígbà tó bá ń yà. Ní ọdún 1933, MG gbé ọkọ̀ K3 Magnette lọ sí ìdíje Mille Miglia ní Ítálì, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ju 1,100 cc lọ. Ní ọdún kan náà, Tazio Nuvolari, akọni awakọ̀ ará Ítálì, fi K3 gba ìdíje Tourist Trophy ní Ards, nítòsí Belfast.

Láti ọdún 1934, Raymond Mays, Humphrey Cook àti Peter Berthon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ìdíje ERA, jíà Wilson ni wọ́n sì lò nínú wọn. Ọmọọba Bira ti ilẹ̀ Síámù, tí à ń pè ní Táílàǹdì lónìí, gba ERA tirẹ̀ tó ń jẹ́ Romulus ní ọdún 1935, ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìbátan rẹ̀, Ọmọọba Chula. Ní ọdún 1936, ó fi í borí nínú ìdíje Prince Rainier Cup ní Monaco, níbi tí kọ́nà ti pọ̀ láàárín ìlú.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, HWM àti Connaught ṣì ń lò ó. Ní ọdún 1955, Tony Brooks, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín, fi ọkọ̀ Connaught gba ìdíje Syracuse Grand Prix ní erékùṣù Sicily. Láti ọdún 1924, ọmọ Bírítéènì kankan kò tíì fi ọkọ̀ ilẹ̀ Bírítéènì gba Grand Prix ní ilẹ̀ òkèèrè. Wilson ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà.

Àríyànjiyàn lórí jíà

Jíà Wilson ní àbùkù tirẹ̀. Ó wúwo ju jíà mánúwà lọ, agbára díẹ̀ sì ń ṣòfò nínú ọ̀já àti òróró rẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ìdíje, kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ara ọkọ̀ ní iye tí yóò gbà padà nínú eré. Àtakò kejì jẹ mọ́ ọgbọ́n awakọ̀. Àwọn kan gbà pé mímọ jíà pààrọ̀ jẹ́ ara ohun tó ń fi ọ̀jáfáfá hàn yàtọ̀ sí ọ̀gbẹ̀rì, àti pé ẹ̀rọ tó bá gba iṣẹ́ yẹn ṣe ti gba apá kan nínú adùn eré náà. Èsì àwọn tó wà lẹ́yìn Wilson ni pé ibi tí ọkọ̀ ń gbà àti ìgbà tó yẹ kí ó fà sẹ́yìn ni ọgbọ́n awakọ̀ wà, kì í ṣe inú ariwo eyín jíà.

Ìjiyàn yìí kò parí pẹ̀lú ọkọ̀ ERA. Ní ọdún 1965, Chaparral tí jíà rẹ̀ kò ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́sẹ̀ borí nínú ìdíje wákàtí 12 ní Sebring, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1989, Nigel Mansell fi Ferrari tó ń pààrọ̀ jíà láti ẹ̀yìn àgbá ìdarí gba Grand Prix ilẹ̀ Brazil, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ Formula 1 fi gba ọ̀nà náà. Nínú ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn lè rà, Porsche gbé 911 GT3 jáde ní ọdún 2013 láìsí mánúwà rárá. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ náà fapá jánú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíà kílọ́ọ̀ṣì méjì tó wà nínú rẹ̀ yára ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ní ọdún 2017, Porsche dá mánúwà padà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Aago ìdíje ti dájọ́ fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ sí pápá ni aago ń lé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ogún rẹ̀

Wilson kú ní ọdún 1957 ní Itchen Abbas, ní agbègbè Hampshire. Ilé-iṣẹ́ Self-Changing Gears ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀; jíà rẹ̀ wọ inú àwọn ọkọ̀ ojú irin oní-dísù tí British Rail ń lò láti àwọn ọdún 1950 lọ. Jíà ayíraẹniká, tó ti ń lò láti ìgbà ọkọ̀ Wilson-Pilcher, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì títí di òní. Àwọn ERA tó ṣẹ́ kù ṣì ń sáré nínú ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ọ̀pá kékeré Wilson lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdarí wọn.