Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: Ẹni Tí Ó La Ojú Ọmọ Tálákà Sí Ọ̀rọ̀ Ayé

Nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni a fi fẹ́ rán ara wa létí ìtàn bàbá yìí.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún máa ń la pákó. Nígbà tí bàbá kú ní 1920, owó ilé-ìwé di ìṣòro. Ọmọ náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó tó lè máa kàwé lọ. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Daily Times kọ ìròyìn ní 1934. Ó ṣòwò kòkó, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, bí àwa oníṣòwò náà ti ń ṣe. Nílé ni ó ti kàwé tí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ó di lọ́yà ní 1946.

Ní oṣù Kọkànlá 1949, ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé ìròyìn yóò ṣe fún ọmọ tí kò mọ̀wé? Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ọ̀fẹ́. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, síbẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955, ilé-ìwé ṣí, àwọn ọmọ tí ó wọlé lé ní 800,000. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ó ṣí tẹlifíṣọ̀n sí Ìbàdàn.

Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1963, ó jáde ní 1966. Láti 1979, ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàkóso sọ sẹ́kọ́ńdìrì náà di ọ̀fẹ́. Ó papò dà ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọdún 1987.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Gánà. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ìsọ̀ àti ọjà wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń gbé ìdálẹ̀ tí kò mọ ohun tí ayé ń sọ, ojú oorun ni ọ̀rọ̀ yóò bá a.

Àwa tí ìwé wa kò kọjá pírámárì, àwọn ọmọ wa ni ó ń ka ìròyìn fún wa. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ní ẹni tí yóò ra ìwé ìròyìn fún wọn. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, nínú gbọ̀ngàn tí a ń dáwó rẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìwé ìròyìn àti rédíò, kí tíṣà kan máa bá wọn jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ wa já sí asán. Àṣẹ.