Malcolm X àti Ìwé Atúmọ̀ Èdè

Ọdún 1925 ni wọ́n bí Malcolm X ní Amẹ́ríkà. Kò kàwé jìnnà kó tó bọ́ sẹ́wọ̀n ní 1946, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ńláńlá kò sì yé e. Ó wá gba ìwé atúmọ̀ èdè, ó ń dà á kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó ń kà á sókè, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, títí tó fi kọ ọ́ tán. Ní 1964, lẹ́yìn iṣẹ́ Hájì, ó sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Wọ́n pa á ní 1965.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ọgbọ́n wàláà náà nìyí: ẹ kọ ọ́, ẹ kà á sókè, ẹ tún un kà. Ẹ fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà.