Ibn Khaldun: Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ni Ìwà?

Bí òbí bá mú ọmọ wá sí ilé-kéú, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ìran bàbá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olóríkunkun, Ibn Khaldun ni a máa ń rántí. Ìlú Tunis ni wọ́n bí i sí ní 1332. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn fi pa bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ní 1377 ó kọ Muqaddima. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ohun tí ó bá mọ́ ènìyàn lára ni í di ìwà rẹ̀, ju ìran tí ó ti wá lọ. Kò gba ìtàn àwọn tí ó ní èpè ni ó sọ àwa aláwọ̀ dúdú di dúdú. Ó ní ooru ilẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ó tún ní ooru yìí kan náà ni ó mú wa fẹ́ràn ijó àti fàájì. Èyí ni a kò gbà. Àwọn onímọ̀ òde-òní sì ti rí i pé àbínibí náà lọ́wọ́ nínú ìwà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí a fi tọ́ ọmọ.

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ tí olùkọ́ bá ń nà ní ànàjù yóò kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ yẹn kan àwa tí a ń mú pàṣán dání.

Ipò adájọ́ ni ó wà ní Cairo nígbà tí ó kú ní 1406.