Az-Zahrāwī, àgbà oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Andalus

Bí wọ́n bá gbé ènìyàn láti Ẹ̀rìn-Ilé lọ sí Ìlọrin nítorí ulcer tó ti dá àpòlúkù lu, dókítà yóò la ikùn, yóò fọ inú rẹ̀ mọ́, yóò rán ihò náà, yóò sì fi ọ̀rá inú bò ó. Àwọn kan nínú wa ṣì ń wò ó bí iṣẹ́ tí òyìnbó ṣẹ̀dá. Bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí kan ti kọ̀wé nípa rírán inú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Abul-Qāsim Khalaf ọmọ Abbās ni, ẹni tí a mọ̀ sí Az-Zahrāwī. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 936 ní Madīnatuz-Zahrā, ìlú tí Khalīfah Abdur-Rahmān Kẹta kọ́ lẹ́bàá Qurtubah, ní Andalus tó di Spéènì lónìí. Ìran àwọn Ansārī Mọdínà ni wọ́n ka ìdílé rẹ̀ sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1000 ló parí ìwé At-Tasrīf, tó ní apá 30. Apá ìkẹyìn ló fi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ó sì ya àwòrán irinṣẹ́ bíi 200 sínú rẹ̀.

Ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ikùn tó là ni mo fẹ́ràn jù. Bí ìfun bá tú síta, ó ní kí wọ́n tètè dá a padà kí atẹ́gùn tútù tó mú un wú. Bó bá ti wú, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́. Bó bá ṣì kọ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ fẹ ojú ọgbẹ́ náà díẹ̀. Fún ìfun tó ya, ó kọ̀wé nípa òwú tí wọ́n fà láti ara ìfun ẹran. Ara ń jẹ irú òwú bẹ́ẹ̀ tán fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń lò ó títí di ayé àwọn bàbá wa. Ó tún mẹ́nu ba èèrà olórí ńlá: wọ́n á mú etí ọgbẹ́ méjèèjì pàdé, èèrà á bù ú jẹ, wọ́n á gé ara rẹ̀ kúrò, orí á sì dì í mú. Ẹni tí ìjàlọ bá ti bù jẹ rí kò ní jiyàn.

Kì í ṣe afọ́nnu. Ó sọ ìtàn aláìmọ̀kan kan tó la kókó ọrùn obìnrin, tó gé iṣan ẹ̀jẹ̀, tí obìnrin náà sì kú sí i lọ́wọ́. Nítorí náà ló ṣe ní dandan kí ẹni tó fẹ́ fi abẹ kan ènìyàn kọ́kọ́ mọ bí inú ara ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ tọ́jú ẹrúbìnrin kan tó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́fun. Ó rán an, ó yè, ohùn rẹ̀ nìkan ló há.

Ká má fún un ní ọlá tí kì í ṣe tirẹ̀ o: ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ àti idà ló ń rán. Ihò tí ulcer dá dúró de oògùn akunnilóorun. Ní Jámánì, ọdún 1892, ni Ludwig Heusner rán an tí aláìsàn yè; ní 1937, Roscoe Graham ti Kánádà kọ̀wé nípa fífi ọ̀rá inú dí i. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ kọ́ ló sábà ń pa aláìsàn, wákàtí tí a fi ń wá ẹni tó fi májèlé sóúnjẹ ni, nígbà tí ikùn ti le bíi pákó.

Ogun abẹ́lé ba Madīnatuz-Zahrā jẹ́ ní nǹkan bí 1010. Az-Zahrāwī jáde láyé ní nǹkan bí 1013, ìyẹn 404 Hijrah, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ náà sí Látìnì ní Toledo. Albucasis ni àwọn ará Yúróòpù ń pè é, òpópónà kan sì ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Qurtubah títí di òní.