John Moses Browning

John Moses Browning (ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1855 – ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1926) jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn àti olùhùmọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú Ogden ní Utah ni wọ́n ti bí i. Ìlú Herstal ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ó kú sí. Ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ 128 ni a kà sí orúkọ rẹ̀. Lára ohun tí ó hùmọ̀ ni ìbọn ìléwọ́, ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn ọmọ ogun ń lò, àti ìbọn ọdẹ tí àwọn tí ń fi ìbọn yínyìn ṣeré ìdárayá fẹ́ràn jù lọ. Ẹni tí ó bá ń wá ìbọn àkọ́kọ́ tí yóò rà ní òde òní, ì báà mọ orúkọ Browning, ì báà má mọ̀ ọ́n, ó ṣòro kí ó rìn jìnnà kí ó tó kan ohun tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ ronú kàn.

Ìdílé àti ìgbà èwe

Jonathan Browning, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí wọ́n bí ní Tennessee ní ọdún 1805. Ó gba ẹ̀sìn Mormon, ó sì bá àwọn ẹlẹ́sìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí kúrò ní Illinois nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn dojú ìjà kọ wọ́n. Ní ọdún 1852 ó tẹ̀dó sí Ogden. Ìyàwó mẹ́ta ni ó fẹ́, ọmọ 22 ni ó sì bí. Inú ilé àrọ bàbá yìí ni John ti dàgbà, irin-iṣẹ́ sì ni ohun ìṣeré rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún ọmọ alágbẹ̀dẹ níbi gbogbo.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó ṣe ìbọn àkọ́kọ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìdílé náà ṣe ń sọ ìtàn yìí, ọ̀pá ìbọn kan tí ó ti bàjẹ́ ni ó ṣà nínú àwọn irin tí bàbá rẹ̀ pa tì, ó sì dè é mọ́ igi. Ìbọn náà kò ní ohun tí a ń fi ìka fà. Matt, àbúrò rẹ̀, ni ó ń fi iná kan ẹ̀tù nígbà tí John dì í mú tí ó sì ń wo ọ̀kánkán. Àwọn méjèèjì pa ẹyẹ ìgbẹ́ wálé, bàbá wọn sì jẹ ẹ́ ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó béèrè ìbọn náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò bá ọmọ náà wí nítorí irin tí ó mú. Ohun tí ó bí i nínú ni pé ọmọ tí ó ti ń sún mọ́ ọdún mọ́kànlá lè ṣe ìbọn tí kò dára tó bẹ́ẹ̀. John lọ tú ìbọn náà palẹ̀.

Ìbọn ọlọ́ta kan àti ilé-iṣẹ́ Winchester

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́kùnrin, ó ti mọ iṣẹ́ àtúnṣe dáadáa, ó sì ti sú u láti máa tún ìbọn tí ẹlòmíràn ṣe láìdára ṣe. Ó jókòó, ó ṣe ìbọn kan tí a ń kì láti ẹ̀yìn, ọta kan lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1879 ni ó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n fún un. Láàárín oṣù wọ̀nyí, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Jonathan kú. Bàbá náà rí ìbọn, ṣùgbọ́n kò rí ìwé. Ọdún yẹn kan náà ni John fẹ́ Rachel Teresa Child níyàwó.

Ó tọ́ kí òǹkàwé Yorùbá rántí pé ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ọdún wọ̀nyẹn, ogun tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìró ìbọn. Irú ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé, ni ó dààmú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí John ń ṣe ní Ogden kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣoṣo.

Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, wọ́n sì ṣe nǹkan bí 600 nínú ìbọn náà. Ní ọdún 1883, T. G. Bennett, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ Winchester, wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wá sí Ogden, ó sì ra ẹ̀tọ́ ìbọn náà ní 8,000 dọ́là. Ìbọn náà jáde ní ọdún 1885 pẹ̀lú orúkọ Winchester lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣòwò nìyẹn fún nǹkan bí ọdún 19: Browning á hùmọ̀, Winchester á rà á pátápátá, orúkọ rẹ̀ kò sì ní hàn. Ó ju 40 ìhùmọ̀ lọ tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò ṣe jáde rárá. Wọ́n rà wọ́n kí ilé-iṣẹ́ mìíràn má baà rí wọn rà. Ìbọn ọdún 1892, ti ọdún 1894 àti ìbọn ọdẹ ọdún 1897 tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn kí ó tó kì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọdún méjì péré ni ó fi kúrò nídìí iṣẹ́, láti 1887 sí 1889, nígbà tí ìjọ rẹ̀ rán an lọ wàásù ní Georgia.

Browning kì í ṣe ẹni tí ó ń rọ ìbọn tí kò mọ̀ ọ́n yìn. Òun, Matt, G. L. Becker àti A. P. Bigelow wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Ogden tí wọ́n ń pè ní B mẹ́rin, wọ́n sì máa ń díje nínú eré yínyìn ohun tí ń fò. Ó dà bí ẹni pé ibi eré yìí ni ó ti mọ ohun tí ìbọn ọdẹ gbọ́dọ̀ jẹ́: kí ó bá èjìká mu, kí ó yá lọ́wọ́, kí ó má sì já ẹni tí ó dì í mú kulẹ̀ ní ìgbà kejì.

Auto-5 àti ìpínyà

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ó hùmọ̀ ìbọn ọdẹ tí ń fúnra rẹ̀ kì. Agbára tí ìbọn fi ń ti èjìká ọdẹ ni ó sọ di òṣìṣẹ́. Bí a bá yin ìbọn náà, ọ̀pá rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sún wọ inú, páálí kátíríìjì tí a ti yìn á fò jáde, òmíràn á sì gba ipò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a lè yin ín kí a tó tún kì í, ibẹ̀ ni orúkọ Auto-5 ti wá.

Ó mọ iye tí iṣẹ́ yìí tó. Nígbà tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Winchester, kò gbà kí wọ́n rà á lẹ́ẹ̀kan bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó fẹ́ kí wọ́n máa san owó fún òun lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Bennett kọ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe owó nìkan. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà láti ọdún 1883 ti parí nìyẹn. Bí òun náà bá sì gbà fún wọn, iṣẹ́ tí ó lè jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ kú sínú àpótí wọn. Ó palẹ̀ ìbọn rẹ̀ mọ́, ó jáde, kò sì tún tà wọ́n ní nǹkankan mọ́.

Remington ni ó kàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1902 ó jókòó sí ọ́fíìsì wọn, ó ń dúró de ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Marcellus Hartley. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àìsàn ọkàn pa Hartley. Browning gbé ìbọn rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, sí ilé-iṣẹ́ Fabrique Nationale (FN) ní Herstal, tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè fún 10,000 nínú rẹ̀. Ní ọdún 1905 Remington náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1998 ni wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe Auto-5.

Ìbọn ìléwọ́ àti ogun

Ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ tà ní Yúróòpù débi pé ní àwọn ibì kan orúkọ rẹ̀ di orúkọ gbogbo ìbọn ìléwọ́. Kò ṣeé ṣe láti kọ ìtàn rẹ̀ kí a fo ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1914: ìbọn FN ọdún 1910, iṣẹ́ Browning, ni Gavrilo Princip fi pa ọmọ ọba Austria àti ìyàwó rẹ̀ ní Sarajevo, tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a rọ kí ó lè wọ àpò ẹni tí ń dáàbò bo ara rẹ̀ wọ àpò apànìyàn bákan náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gba ìbọn ìléwọ́ mìíràn tí ó hùmọ̀, M1911, lẹ́yìn tí ó yin ọta 6,000 nínú ìdánwò láìkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun ní 1917, ó gba 750,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba fún ẹ̀tọ́ àwọn ìbọn ogun rẹ̀, iye tí ó kéré gidigidi sí èyí tí ìbá rí bí wọ́n bá ń sanwó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Val, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí lọ sí ojú ogun ní Faransé.

Superposed àti ikú rẹ̀

Matt kú ní ọdún 1923. Iṣẹ́ tí John gbájú mọ́ ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ kì í ṣe ti ogun. Ìbọn ọdẹ ọlọ́pàá méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, tí a ń ṣẹ́ láàárín láti kì. Ìlú Yúróòpù ti mọ irú ìbọn yìí, ṣùgbọ́n olówó nìkan ni ó lè rà á. Browning fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lásán rí i rà. Nínú gbogbo ìbọn rẹ̀, èyí ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jù. Ojú ìlà kan ṣoṣo ni ó ń wò, ọta méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, bí a bá sì ti ṣẹ́ ẹ, gbogbo ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ni yóò rí i bóyá ó ṣófo. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Auto-5, tí ọta lè sá pamọ́ sí nínú.

Kò rí i kí ó dé ọjà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1926, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní FN, ó sì kú ní ọ́fíìsì Val. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Ogden. Superposed jáde ní ọdún 1931, Val ni ó sì parí ohun ìfà kan tí ń yin ọ̀pá méjèèjì. Ìbọn ìléwọ́ tí ó fi sílẹ̀ láìparí ni Dieudonné Saive parí ní 1935 pẹ̀lú orúkọ Hi-Power. Ó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà.

Ìbọn Browning lábẹ́ òfin Nàìjíríà

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín iṣẹ́ Browning sí méjì. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí a kà léèwọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ wà lára èyí tí ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yọ èyí tí ń fúnra rẹ̀ kì àti èyí tí ó ní ẹ̀rọ ìkì èyíkéyìí kúrò. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń gbé ní Arimogija ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí ó sì fẹ́ ra ìbọn ọdẹ àkọ́kọ́ rẹ̀, kò lè gba ìwé Auto-5, kò sì lè gba ti ọdún 1897. Superposed tàbí ọlọ́pàá méjì mìíràn tí ó jọ ọ́ ni òfin fi sílẹ̀ fún un nínú ìran ìbọn Browning. Ṣakabùlà, tí a ń kì láti ẹnu, wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Òfin kan náà kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.